Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ Tí Ń Kùn: Bí A Ti Lè Pààrọ̀ Bíárìn Rẹ̀ Nínú Àgbàlá Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ìkòkò ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti aṣọ ọmọdé. Ti ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni ó wà tí oúnjẹ wọn ń ti inú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré jáde, irú èyí tí a ń pè ní píkọ́ọ̀pù: òun ni bàbá fi ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ọjà, òun ni ìyá fi ń kó ata bọ̀ láti oko, òun náà ni àwọn ọmọ ń bá lọ sí ilé ìwé. Nítorí náà a kò rò pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣàjèjì sí ojú-ìwé ilé.

Ìbéèrè tí àwọn olórí ilé ń bi wá ni èyí: bí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tí mẹkáníìkì sì sọ pé bíárìn rẹ̀ ni ó ti lọ, ǹjẹ́ ènìyàn lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú àgbàlá, tàbí dandan ni kí ó gbé e lọ sí ilé iṣẹ́? Ìdáhùn wa ni pé ọkọ̀ kan wà tí a lè ṣe iṣẹ́ náà fún ní ilé, tí yóò sì dára. Òmíràn sì wà tí a kò gbọdọ̀ dán an wò bí a kò bá ní ẹ̀rọ tí ń tẹ irin. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yóò pa owó mọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò ná owó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà sì ju owó lọ. Bí ìdè ilẹ̀kùn bá já, ilẹ̀kùn yóò kàn fara ti ògiri ni. Bí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ bá yọ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré pẹ̀lú ẹrù, àwọn tí ó jókòó nínú rẹ̀ àti ìyá tí ń ta àkàrà ní etí títì, tí kò mọ̀ wá rí, inú ewu kan náà ni gbogbo wọn wà.

Kí ni à ń pè ní bíárìn? Ọ̀pá irin kan yọ jáde ní ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Irin róbótó kan tí inú rẹ̀ ṣófo, tí a ń pè ní họ́ọ̀bù, wọ ọ̀pá náà bí fìlà ti í wọ orí. Họ́ọ̀bù yìí ni a fi nọ́ọ̀tì de ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Bí irin bá ń lọ irin lójúkorojú, ooru yóò sọ, wọn yóò sì jẹ ara wọn run. Nítorí náà ni a fi òrùka méjì sí àárín wọn, ọ̀kan nínú, èkejì lóde, tí a sì to àwọn ọmọ irin dídán sí àárín òrùka méjèèjì kí wọ́n máa yí gbirigbiri. Òrùka méjì, àwọn ọmọ irin, àti gírísì wọn: èyí ni bíárìn. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ọkùnrin tí ń yí ìtì igi ńlá lórí àwọn igi róbótó kéékèèké, dípò kí wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀, ti rí ọgbọ́n náà tán.

Ọgbọ́n ọ̀hún kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1794 ni Philip Vaughan, ará Carmarthen ní ilẹ̀ Wales, gba ìwé àṣẹ lórí bíárìn tí ọmọ irin rẹ̀ rí róbótó bí ọmọ ayò, fún ọ̀pá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ní 1898 ni Henry Timken, ẹni tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní Amẹ́ríkà, gba ti irú mìíràn, tí ọmọ irin rẹ̀ gùn, tí ìdí kan sì tín-ín-rín ju èkejì lọ. Èrè irú ti Timken ni pé ó lè gba ẹrù tí ó wá láti òkè, ó sì lè gba èyí tí ń tì í láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà. Irú rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù títí di òní.

Kí ní ń pa á? Omi ni olórí ọ̀tá rẹ̀. Rọ́bà róbótó kan wà ní ẹ̀yìn họ́ọ̀bù, tí a ń pè ní síìlì, tí ń dí ẹnu ọ̀nà kí omi àti iyanrìn má ṣe wọlé. Nígbà òjò, tí a bá wa ọkọ̀ kọjá nínú àgbàrá tí ó bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, omi a máa gba ibi síìlì tí ó ti gbó wọlé, yóò fọ gírísì dànù, ìpẹtà yóò sì bẹ̀rẹ̀. Kòtò ojú ọ̀nà a máa gbá a, àpọ̀jù ẹrù a máa tẹ̀ ẹ́. Ìkẹyìn ni ọwọ́ ẹni tí ó tò ó: bí ó bá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ jù, bíárìn yóò jóná, bí ó bá dẹ̀ ẹ́ jù, ẹsẹ̀ yóò máa mì, ọmọ irin yóò sì máa gbá òrùka rẹ̀.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ má sí bíárìn tí í kú láìkéde, nítorí náà kí a má ṣe fi ariwo rẹ̀ ṣe ohun tí a ń fi orin bò mọ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ a máa kùn bí ọlọ tí ń lọ àgbàdo gbígbẹ, bí eré ọkọ̀ bá sì ti ń pọ̀ sí i ni ohùn náà ń ga sí i. Táyà pẹ̀lú a máa kùn, ṣùgbọ́n ti táyà a máa yí padà bí a bá kúrò lórí ọ̀dà tí ó jẹ́ yangí bọ́ sórí èyí tí ó dán; ti bíárìn kì í sábà bìkítà irú ọ̀nà tí a wà. Bí a bá yí ọkọ̀ sí òsì, ẹrù yóò fì sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí ariwo bá pọ̀ sí i nígbà náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí a bá yí i sí ọ̀tún tí ó pọ̀ sí i, kí a kọ́kọ́ yẹ òsì wò.

Láti rí òdodo ọ̀rọ̀ náà, kí a gbé ẹsẹ̀ náà sókè kúrò nílẹ̀, kí a di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí a sì mì í. Bí ó bá ń yẹ̀, kí ẹnìkan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá tún ń mì í. Bí yíyẹ̀ náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn ni a ń bá wí. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àwọn oríkèé irin tí ó gbé ẹsẹ̀ ró, iṣẹ́ mìíràn sì ni ìyẹn. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà. Èyí tí ó yè yóò yí lọ́rọ̀ọ́rọ́. Èyí tí ó ti bàjẹ́ yóò máa họ, a ó sì mọ ìhọ rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà, kí ó kọ́kọ́ mọ irú bíárìn tí ó wà ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ tirẹ̀, nítorí oríṣi mẹ́ta ni a máa ń bá pàdé jù. Oríṣi kìn-ín-ní ni irú ti Timken: bíárìn méjì ni ó wà nínú họ́ọ̀bù kan, èyí tí ó tóbi nínú, èyí tí ó kéré lóde, a sì lè yọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a fọ̀ wọ́n, kí a fi gírísì sí wọn. Àwọn Toyota Hilux tí a ṣe ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, tí ẹ́ńjìnì wọn ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan, irú yìí ni wọ́n ní níwájú. Oríṣi kejì ni èyí tí họ́ọ̀bù àti bíárìn di ara kan ṣoṣo. Àwọn tí ó ṣe é ti fi gírísì sí i, wọ́n sì ti dì í pa, bóòtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó sì mú un mọ́ ọkọ̀. Oríṣi kẹta ni èyí tí a fi ẹ̀rọ tẹ bíárìn wọ inú irin tí ó gbé ẹsẹ̀, tí ó sì há síbẹ̀ gádígádí. Ti kìn-ín-ní àti ti kejì ṣeé ṣe ní ilé. Ti kẹta kò ṣeé ṣe láìsí ẹ̀rọ. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá ni yóò sọ èyí tí a ní.

Nígbà tí a bá fẹ́ ra tuntun, yálà ní ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin tàbí ní ibòmíràn, kí a mú èyí tí a fẹ́ pààrọ̀ dání, tàbí kí a kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀. A máa ń tẹ nọ́ńbà sára òrùka bíárìn, kì í sì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bí ó bá jẹ́ 30205, kí a mú 05 tí ó kẹ́yìn, kí a fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò jẹ́ 25: fífẹ̀ ihò inú rẹ̀ ni mìlímítà 25. Gbogbo bíárìn kọ́ ni ó ń tẹ̀lé ìṣirò yìí, nítorí àwọn mìíràn ní àmì tiwọn; ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, kí a má ṣe gbà pé wọ́n jọra nítorí pé ojú wa rí wọn bákan náà. A kò gba ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn láti ra bíárìn àlòkù, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ irú ọ̀nà tí ó ti rìn. Kí a ra síìlì tuntun pẹ̀lú rẹ̀, àti píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tuntun. Owó wọn kéré. Iṣẹ́ wọn kò kéré.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ibi tí a ó ti ṣe é. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ó sì le ni kí a wá, kì í ṣe iyanrìn, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kí a fa bíréèkì ọwọ́, kí a fi wẹ́ẹ̀jì igi há ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú ṣì wà nílẹ̀ ni kí a dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀, nítorí bí ó bá ti wà lókè, yóò máa bá wa yí kiri ni. Lẹ́yìn náà kí a fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kí a sì gbé irin ìdúró tí a ṣe fún iṣẹ́ náà sí abẹ́ ibi tí ó lágbára. Jáàkì wà fún gbígbé. Kò sí fún dídúró. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú kò yẹ, nítorí ó lè là lẹ́ẹ̀kan náà láìfọhùn. Kí a sì ti táyà tí a bá yọ sí abẹ́ ọkọ̀, kí ó jẹ́ ìrọ̀rí bí nǹkan bá yẹ̀. Kí àwọn ọmọdé wà lókèèrè, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe na ọrùn sí abẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí dára fún ẹni méjì: ọ̀kan ń ṣe é, èkejì ń ka ìwé ọkọ̀ sókè, ó sì ń to ohun tí a bá yọ sórí àwo mímọ́ ní ẹsẹẹsẹ. A ti rí i pé ọmọ tí ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá a máa ṣe ipò kejì yìí dáradára, bí a bá fi í sínú iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a gbẹ́kẹ̀lé.

Fún oríṣi kìn-ín-ní, báyìí ni. Kí a tú kálípà bíréèkì, kí a sì fi wáyà so ó rọ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó fi rọ́bà tí epo bíréèkì ń gbà kọ́ rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tẹ bíréèkì nígbà tí ó wà níta. Kí a rọra ṣí ìdérí họ́ọ̀bù. A ó rí píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Kí a tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a fà á yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fìlà irin kékeré, nọ́ọ̀tì, àti wọ́ṣà. Bí a bá fa họ́ọ̀bù díẹ̀ síta, bíárìn òde yóò tẹ̀lé e; kí a fi ọwọ́ gbà á kí ó má bọ́ sínú iyanrìn. Nígbà náà ni a ó fa họ́ọ̀bù jáde pẹ̀lú dísìkì rẹ̀, a ó hú síìlì kúrò lẹ́yìn rẹ̀, a ó sì yọ bíárìn inú.

Òrùka òde ti bíárìn kọ̀ọ̀kan yóò kù sínú họ́ọ̀bù. Ìdánwò ńlá wà níbí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni í fi òrùka àtijọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ọmọ irin tuntun sínú rẹ̀, nítorí pé ó há, ó sì dà bí ẹni pé ó ṣì dán. Kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Òrùka àti ọmọ irin tí a jọ tà pọ̀, tọkọtaya ni wọ́n. Ojú ọgbẹ́ tí ó wà lára ti àtijọ́ ni yóò gé ara tuntun láìpẹ́. Kí a mú ọ̀pá idẹ, kí a fi òòlù rọra lù ú láti inú, ní apá kan, lẹ́yìn náà ní apá kejì, títí òrùka yóò fi jáde láìṣẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí a fọ inú họ́ọ̀bù àti ọ̀pá ìdí ẹsẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì, kì í ṣe bẹtiróòlù, nítorí iná. Kí a má sì ṣe da èyí tí ó ti dọ̀tí sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Bí ọ̀pá náà bá ti yí àwọ̀ padà bí irin tí iná jó, tàbí tí ó ti họ wọnú, kí a dá iṣẹ́ dúró, kí a pe ẹni tí ó mọ̀ jù wá lọ. Bí ó bá dára, kí a lu òrùka tuntun wọlé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ní títọ́. Nígbà tí ó bá jókòó dé ìdí, ohùn òòlù yóò yí padà, yóò le, etí yóò sì mọ̀ ọ́n.

Gírísì ni ó kàn. Irú tí a ṣe fún bíárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀, tí ó lè fara da ooru bíréèkì, ni kí a rà, kí a má sì ṣe da oríṣi méjì pọ̀. Kí a fọ ọwọ́. Kí a bu gírísì sí àtẹ́lẹwọ́, kí a sì máa tẹ ìdí bíárìn tí ó gbòòrò sínú rẹ̀ títí gírísì yóò fi yọ ní òkè láàárín àwọn ọmọ irin, yíká yíká. Fífi ìka pa á lára nìkan kò tó, nítorí inú ni ebi ti ń pa á. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe kún gbogbo àyè họ́ọ̀bù dẹ́núdẹ́nu, nítorí àpọ̀jù gírísì pẹ̀lú a máa mú ooru wá. Kí a fi bíárìn inú sí àyè rẹ̀, kí a tẹ síìlì tuntun wọlé ní títọ́, kí a fi gírísì díẹ̀ pa ètè rẹ̀, kí a sì ti họ́ọ̀bù padà sórí ọ̀pá. Bíárìn òde, wọ́ṣà, àti nọ́ọ̀tì yóò tẹ̀lé e.

Ibi tí a ti ń fún nọ́ọ̀tì yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà wà. Àṣà ọwọ́ ènìyàn ni láti fún nọ́ọ̀tì títí kò fi ní lè yí mọ́; bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, bíárìn tuntun yóò jóná. Kí a máa fi ọwọ́ kan yí họ́ọ̀bù, kí a sì máa fi sípánà fún nọ́ọ̀tì pẹ̀lú ọwọ́ kejì títí yóò fi wúwo díẹ̀, kí bíárìn lè jókòó dáradára. Lẹ́yìn náà kí a dẹ̀ ẹ́. Kí a tún fi ìka nìkan fún un. Ìwọ̀n tí ó kù ni ìwé ọkọ̀ yóò sọ, nítorí ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Nígbà tí ó bá pé, họ́ọ̀bù yóò máa yí láìní ìdènà, kò sì ní máa yẹ̀ bí a bá fà á. Kí a dé fìlà irin rẹ̀, kí a yí i títí àyè rẹ̀ yóò fi bá ihò ọ̀pá mu, kí a sì fi píìnì tuntun sí i, kí a tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìṣó tàbí wáyà dípò píìnì. Irin tín-ín-rín yìí ni kò jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, nọ́ọ̀tì ni kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Ti oríṣi kejì kò ní gírísì fífi ọwọ́ tẹ̀, ṣùgbọ́n ìpẹtà rẹ̀ a máa pọ̀. Kí a tú kálípà àti dísìkì, kí a yọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ka eré ẹsẹ̀ bí ó bá ní in, kí a fi epo tí ń tú ìpẹtà sí bóòtì ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí a sì fọ ojú irin tí tuntun yóò jókòó lé títí yóò fi mọ́ tónítóní. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì ń yí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, nọ́ọ̀tì ńlá kan wà láàárín tí a gbọ́dọ̀ fún dé ìwọ̀n tí ìwé sọ, pẹ̀lú sípánà tí ń ka agbára. Bí a kò bá ní irú sípánà bẹ́ẹ̀, kí a yá a. Kí ọkọ̀ má sì ṣe fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ kí nọ́ọ̀tì yẹn tó wọ̀n tó, nítorí òun ni ó di bíárìn náà pọ̀.

Ní ti oríṣi kẹta, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a tú irin tí ó gbé ẹsẹ̀ bí a bá lè tú u, kí a sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ní ẹ̀rọ, tàbí kí a gbé ọkọ̀ náà lọ pátápátá. Bí a bá fi òòlù lu òrùka inú rẹ̀ wọlé, àwọn ọmọ irin ni yóò gba ìlù náà, wọn yóò sì fi ojú àpá sílẹ̀ lára òrùka. Ojú kì í rí i, ṣùgbọ́n láìpẹ́ ẹsẹ̀ yóò tún máa kùn, a ó sì máa bú ẹni tí ó ta bíárìn fún wa.

Nígbà tí a bá ti dá ohun gbogbo padà, kí a nu dísìkì kí gírísì má ṣe kù lára rẹ̀. Kí a dé táyà, kí a fún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní ìkọjúsíra, kì í ṣe ní títẹ̀léra. Kí ọkọ̀ tó yí ìdí padà, kí a tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lẹ́sẹ̀ wa, nítorí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lè lọ sílẹ̀ pátápátá. Kí a rìn díẹ̀ láìkó ẹrù, kí a sọ̀ kalẹ̀, kí a na ọwọ́ sún mọ́ họ́ọ̀bù méjèèjì láìfọwọ́ kàn wọ́n. Bí èyí tí a ṣe bá gbóná ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ gidigidi, nǹkan kan fún jù. Kí a padà tú u. Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 100, kí a tún yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò.

Ní ìkẹyìn, kí a mú ìwé ìṣirò ilé, kí a kọ ọjọ́ tí a ṣe é síbẹ̀, iye kìlómítà tí ó wà lójú ọkọ̀, ẹsẹ̀ tí a ṣe, àti nọ́ńbà bíárìn tí a fi sí i. Kí a sì fi ọjọ́ kan sí i tí a ó yẹ ẹsẹ̀ kejì wò, nítorí ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń rìn, àgbàrá kan náà ni wọ́n sì jọ ń là kọjá.